Arère Ni Wọ́n Ń Pè Ní Samba: Igi Tó Yẹ Etí Ọkọ̀ ní Koumassi Remblais

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ba etí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni samba.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, mítà 5 ní gígùn, ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Ó rà á ní àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò ní Abidjan. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, àmọ́ tó bá di ọjọ́ Àìkú, orí ọ̀sà Ébrié lẹ ó ti bá a pẹ̀lú àwọ̀n rẹ̀. Igi tó wà lára ọkọ̀ náà kò pọ̀: èyí tó yí etí rẹ̀ ká nínú àti lóde, pátákó ìjókòó méjì, àti igi onígun mẹ́ta tó di imú ọkọ̀ pọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbó nígbà tó rà á. Ó lọ sọ́dọ̀ onígi, ó ní òun ń wá igi tó fúyẹ́, tó tọ́, tí kò ní kókó, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù. Wọ́n fún un ní samba. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ, ohun tó béèrè gan-an ni wọ́n fún un. Ó kàn án mọ́ ọkọ̀, ó kùn ún ní fánísì, ó ń dán gbinrin. Nígbà tí òjò ńlá ọdún kejì fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti ọ̀bẹ kékeré bọ etí ọkọ̀ yẹn, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn ti ọ̀bẹ bọ iṣu sísè.

Mo kó èérún igi náà, mo gbé e lọ bá bàbá káfíńtà kan ní àdúgbò Remblais ní Koumassi, ọmọ Èjìgbò bíi tiwa, tó ti ń fági ní Abidjan kí wọ́n tó bí mi.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá."

"Ooo, ọmọ mi. Kí lo dì mọ́wọ́ yẹn?"

"Igi etí ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá ni, sà. Samba ni wọ́n pè é fún wọn."

Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́, ó wọ̀n ọ́n wò. "Arère nìyí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ò mọ arère ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi mọ arère. Abẹ́ rẹ̀ la ti ṣeré ní kékeré. Kò sí ẹni tó dàgbà nílé wa tí kò mọ̀ pé arère kì í bá òjò gbé, pé inú ilé ni wọ́n ń lò ó sí. Ká ní onígi yẹn pè é ní arère ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti kọjá lọ síbi igi mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí, torí mo rí i pé ìmọ̀ tí a gbé láti ilé wá kò sọnù rárá. Orúkọ la ò mọ̀ mọ́.

Ẹni tí kò bá dé Koumassi rí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ díẹ̀. Erékùṣù Petit-Bassam ló wà, òun àti Treichville àti Marcory, ọ̀sà ló yí wọn ká. Tí èèyàn bá dúró létí omi ní apá àríwá, Riviera ti Cocody ni yóò máa wò ní òdì kejì. Remblai ní èdè Faransé ni yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó dí ibi tó rẹlẹ̀ kó lè di ilẹ̀ tó ṣeé kọ́lé sí, torí náà orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún wa pé ọwọ́ omi ni wọ́n ti gba ilẹ̀ ibẹ̀. Ànàgó ni àwọn ará ìlú ń pe àwa Yorùbá níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló sì wá láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú tí èèyàn ti lè gbọ́ Faransé lọ́jà, tí wọ́n sì ń ná owó CFA. Èjìgbò kò sí létí òkun, kò sí létí ọ̀sà. A kì í ṣe ará omi bí Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n inú igbó ni àwọn baba wa ti wá. Wọ́n mọ igi. Wọ́n mọ èyí tí ikán kò gbọdọ̀ rí, wọ́n sì mọ èyí tí ikán máa rìn kọjá lára rẹ̀.

Irú igbó kan náà ló sì bo apá gúúsù Côte d'Ivoire àti apá gúúsù ilẹ̀ Yorùbá. Igi kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnubodè ló ń yí orúkọ padà. Arère wa ni samba ní Abidjan, wawa ni ní Ghana, obeche ni lọ́jà àgbáyé. Afárá wa ni fraké. Ìdígbó wa ni framiré. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń pè ní badi, apá ni lingué, ọ̀gànwó sì ni acajou. Igi tí àwọn oníṣòwò ní Nàìjíríà ń pè ní ekki, azobé ni níbí. Ẹni tó bá ń ra igi ní Koumassi lè gbọ́ kìkì bois rouge àti bois blanc, igi pupa àti igi funfun, bí ẹni pé àwọ̀ ló ń sọ bí igi ṣe máa pẹ́ tó. Àwọ̀ lè tan èèyàn jẹ. Ìdígbó pọ́n rúsúrúsú bí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tí wọ́n pò mọ́ epo díẹ̀, kò pupa, síbẹ̀ ó máa ń pẹ́ ju igi pupa mìíràn lọ.

Orúkọ kan ṣoṣo ló la ọ̀pọ̀ ẹnubodè kọjá láìyí padà, orúkọ wa sì ni: ìrókò. Ghana ń pè é ní odum lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ ibi tí wọ́n ti ń ta pátákó ní Abidjan, ní Paris, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ pe ìrókò, wọ́n á mú un jáde fún yín.

Kí ni etí ọkọ̀ ń bá jà? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ pé omi iyọ̀. Mo ti rò bẹ́ẹ̀ náà rí. Láti 1950 tí wọ́n ti la ipadò Vridi, tó gùn tó kìlómítà 2.7, ni omi òkun ti ń wọ ọ̀sà Ébrié tààrà. Omi òjò àti omi odò Comoé náà ń bọ́ sínú rẹ̀, iyọ̀ ibẹ̀ sì ń pọ̀, ó ń dín, bí àsìkò bá ṣe ń yí. Nínú omi iyọ̀, kòkòrò kan wà tó ń lu igi bí ajá ṣe ń gbẹ́ ihò, tó lè sọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ onígi di asẹ́. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn o. Etí ọkọ̀ kò sí lábẹ́ omi, kòkòrò yẹn kò lè dé ibẹ̀. Omi òjò ló ń pa á. Omi tó mọ́, tó dùn, tó ń ti òkè bọ̀, tó ń wọnú ojú ìṣó, tó ń dúró sí àárín igi àti fáíbà níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Olú kéékèèké tí ojú kò rí ló ń jẹ igi di jíjẹrà, wọ́n sì nílò ọ̀rinrin kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Iyọ̀ máa ń dá wọn lẹ́kun, omi òjò a máa bọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ onígi fi máa ń jẹrà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ní Abidjan, òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, òjò kékeré ń tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, oòrùn gbígbóná sì wà láàárín wọn tó ń la igi, tó ń ṣílẹ̀kùn fún òjò tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bi igi tó fẹ́ wọ etí ọkọ̀ ni pé: ṣé ìwọ àti òjò lè jọ gbé? Ní Yúróòpù, wọ́n ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní EN 350, tí wọ́n fi to igi láti 1 dé 5. 1 ni igi tí kì í tètè jẹrà, 5 ni èyí tí kò lágbára kankan lójú olú. Ẹ wo bí àwọn tó wà ní yàrá ìwádìí ṣe gbà pẹ̀lú àwọn baba wa: apá wà ní 1, ọ̀pẹ̀pẹ̀ wà ní 1, ìrókò wà láàárín 1 àti 2, ìdígbó láàárín 2 àti 3, ọ̀gànwó wà ní 3, afárá wà ní 4. Arère ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, 5.

Ìbéèrè kejì ni ti ìwúwo, torí etí ọkọ̀ ni ibi tó ga jù lára ọkọ̀. Ohun tó bá wúwo lókè máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré máa yí síbí, kó yí sọ́hùn-ún. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò ti ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, tó gùn ní mítà 5. Mẹ́rin ni, méjì nínú, méjì lóde. Tó bá jẹ́ arère, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi kílò 9 ààbọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ìrókò, ó tó kílò 16. Tó bá jẹ́ azobé, ó lé ní kílò 26, torí azobé wúwo ju omi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ju ègé rẹ̀ sínú ọ̀sà, ẹ ó rí i tó rì. Azobé ni wọ́n ń gbé sí ẹsẹ̀ afárá àti èbúté, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń fara gbá a. Ẹ má gbé e sókè lórí ọkọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín arère àti ìrókò: kílò 7 ni, kò tó ìwúwo ọmọ ọdún kan. Nítorí kílò 7 yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe pàdánù gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, àwọn apẹja Ghana tó ń lọ sójú òkun, ṣé kì í ṣe igi wawa kan náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ wọn tó tóbi bẹ́ẹ̀? Òun ni. Ẹ lè rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ létí òkun Abidjan níhìn-ín, pẹ̀lú àwọ̀ mèremère àti ọ̀rọ̀ àdúrà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Odindi ìtì arère ni wọ́n gbẹ́, torí arère máa ń tóbi gan-an, ó sì rọrùn fún àáké. Fífúyẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn ọkùnrin lè tì í gun iyanrìn. Ara rẹ̀ nípọn, omi iyọ̀ sì ń rin ín lójoojúmọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí wọ́n fi skúrù kàn mọ́ fáíbà, tí òjò ń dé sí, kò ní ọ̀kan nínú àǹfààní yìí. Igi kan lè jẹ́ ọba níbì kan kó jẹ́ àlejò níbòmíràn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìrókò, torí òun ni mo fọwọ́ sí fún etí ọkọ̀ lóde. Mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga: ìrókò tó kún inú àpótí bẹ́ẹ̀ máa wọn nǹkan bíi kílò 650 nígbà tó bá gbẹ. Kò wúwo jù, kò fúyẹ́ jù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí kó sún kì nígbà tí òjò bá rọ̀ tí oòrùn sì ràn, èyí ló jẹ́ kí skúrù dúró nínú rẹ̀ láìtú. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a, oòrùn á wá sọ ọ́ di àwọ̀ obì. Ní ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ gé ìrókò kọ́kọ́ ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ olúwéré tó ń gbé inú rẹ̀. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe é tàbí kó má ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ìrókò pẹ́ nínú igbó wa ju ọ̀pọ̀ igi lọ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bọ̀wọ̀ fún un.

Ìrókò ní àbùkù méjì tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni òkúta: ó máa ń kó ẹfun líle jọ sínú ara rẹ̀, níbi tí ó ti fara gbọgbẹ́ nígbà tó wà láàyè, òkúta yẹn sì lè ká eyín ayùn dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá káfíńtà sọ fún mi pé òun máa ń fi òòlù kékeré lu pátákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí òun tó tan ẹ̀rọ, kí òun sì tẹ́tí sí ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà. Èkejì ni eruku rẹ̀. Ó ń yún ara, ó ń ta imú, àwọn míì tiẹ̀ máa ń wú lójú. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ má sì gbá eruku náà síbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Ọ̀gànwó ń tẹ̀ lé e. Orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ni Khaya ivorensis, Auguste Chevalier, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè tí a wà yìí ló fi dá a mọ̀. Láti Grand-Bassam, tó di olú-ìlú ilẹ̀ yìí ní 1893, ni wọ́n ti ń ti gẹdú acajou bọ omi, tí wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Yúróòpù, tí wọ́n fi ń ṣe àga àti tábìlì fún àwọn olówó. Ó rẹwà. Ó fúyẹ́ ju ìrókò lọ, nǹkan bíi kílò 550, ó sì máa ń gbọ́ràn sí ìfági lẹ́nu. Ibi tí mo fẹ́ kó wà ni pátákó ìjókòó, torí èèyàn máa ń rí ìjókòó, ó ń fọwọ́ kàn án, ó sì rọrùn láti tú u kúrò kí ó gbẹ. Ọ̀gànwó tí wọ́n bá kùn dáadáa lè gbó sínú ọkọ̀. Èyí tí wọn kò kùn, tí wọ́n kàn mọ́ etí lóde, kò ní pẹ́ tó ìrókò.

Igi kan wà níbí tí kò sí nílé wa, tí a ò sì ní orúkọ Yorùbá fún: niangon. Igbó Côte d'Ivoire, Ghana àti Liberia ló ti ń hù. Àwọn káfíńtà Abidjan fẹ́ràn rẹ̀ fún fèrèsé àti ìlẹ̀kùn ìta. Ó pupa, ó lágbára, oje wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé tí ẹ bá fọwọ́ pa á nígbà tó ṣì tuntun, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ọ̀rá. Oje yẹn ń ràn án lọ́wọ́ lójú òjò, àmọ́ ó ń lé gọ́ọ̀mù sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ fi tínà nù ún dáadáa ní wákàtí tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ gan-an, kì í ṣe ní àná. Níbi tí ìrókò bá ti wọ́n, niangon ló yẹ kí ẹ béèrè.

Apá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ lò wọ́n. Wọ́n le, wọ́n wúwo, ọjọ́ orí wọn gùn. Ẹ fi apá ṣe ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kókó tí wọ́n ń so okùn mọ́, àti igi onígun mẹ́ta tó di imú ọkọ̀ pọ̀. Ẹ fi ọ̀pẹ̀pẹ̀ ṣe igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lóde pátápátá, èyí tó ń fara gbo èbúté àti ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ lu ihò kí ẹ tó ti skúrù bọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fipá ti skúrù bọ apá, skúrù ló máa ṣẹ́.

Ìdígbó nìkan ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Ó fúyẹ́, nǹkan bíi kílò 500, ó ń bá òjò gbé dáadáa ju ọ̀gànwó lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ìrókò. Gbogbo èyí dára fún igi etí ọkọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ó ní omi kíkan nínú ara rẹ̀. Tí òjò bá pa á, omi aláwọ̀ ìyeyè máa ń ṣàn jáde tó lè ba aṣọ ẹni jẹ́; tí irin bá kàn án, irin á jẹrà, ara igi á dúdú bí aró. Ẹ kùn ún dáadáa kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀, kí ẹ sì fi skúrù tí kì í dípẹtà, ti inox, dè é. Ìṣó dúdú lásán kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Kódà ní ti ìrókò, inox ló yẹ. Ìnáwó lórí skúrù kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí ẹ máa tún ṣe.

Ohun kan wà tí orúkọ igi kò lè bá yín ṣe, ojú yín nìkan ló lè ṣe é. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kà sókè yìí, inú igi ni wọ́n ń sọ, ibi tó ti dúdú tó sì le. Etí funfun tó súnmọ́ èèpo kò sí nínú ìlérí yẹn. Etí funfun ìrókò lè jẹrà bí arère. Mo ti rí pátákó tí wọ́n tà ní ìrókò, òótọ́ sì ni, ìrókò ni, àmọ́ ìdajì rẹ̀ funfun. Ẹ yí pátákó padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tó ná owó.

Ẹ sì wo bí iṣan igi ṣe ń lọ. Igi etí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ tẹ̀lé ara ọkọ̀. Iṣan tó bá ti ẹ̀gbẹ́ jáde ní àárín ọ̀nà, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́. Tí ẹ kò bá rí pátákó tó gùn ní mítà 5, ẹ so méjì pọ̀: ẹ fá ẹnu méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí gẹ̀rẹ́ náà gùn ní ìlọ́po 8 nínípọn igi. Fún igi tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, gẹ̀rẹ́ náà á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Tí igi náà bá kọ̀ láti tẹ̀, ẹ là á sí méjì ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi epoxy lẹ̀ wọ́n mọ́ra lára ọkọ̀. Igi tí nínípọn rẹ̀ bá dín sí ìdajì máa ń tẹ̀ ní ìrọ̀rùn ìlọ́po 8.

Igi tútù náà jẹ́ ọ̀tá. Wọ́n máa ń gé igi wá láti igbó, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé ó ti wà lọ́jà. Bí ẹ bá kàn án bẹ́ẹ̀, yóò sún kì lára ọkọ̀, ihò skúrù á fẹ̀, òjò á wọlé. Bàbá káfíńtà kọ́ mi ní ọgbọ́n kan tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó: ẹ mú odindi pátákó kan, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n tí àwọn ìyá wa fi ń ta nǹkan, ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ to àwọn pátákó náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí igi kéékèèké wà láàárín wọn, kí òjò má dé ibẹ̀. Ẹ máa wọn pátákó kan yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ ni igi náà gbẹ tó bí afẹ́fẹ́ Abidjan ṣe lè gbẹ ẹ.

Bí ẹ bá ti ń kàn án, ẹ fi àlàfo kéékèèké sílẹ̀ láàárín igi inú àti ara ọkọ̀, kí omi òjò lè ṣàn jáde dípò kó dúró. Ẹ fi epoxy dí ẹnu igi, torí ẹnu ni igi fi ń mu omi jù. Ẹ fi yanrìn bébà yí gbogbo igun rẹ̀ róbótó; fánísì kì í dúró lórí igun tó mú. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn ún léraléra, kí ẹ sì tún un kùn kí òjò ńlá tó dé, lọ́dọọdún.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ igbó, bí kò tilẹ̀ dùn. Wọ́n ní nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, igbó Côte d'Ivoire tó nǹkan bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù 16. Ìkàyé igbó tí ìjọba gbé jáde ní 2021 rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Ní 2022, àpéjọ CITES tó wáyé ní Panama fi ọ̀gànwó àti apá ilẹ̀ Áfíríkà sínú àkójọ igi tí a kò gbọdọ̀ gbé kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ará wa tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èjìgbò, ẹ má ṣe di pátákó acajou sórí bọ́ọ̀sì bí ẹni di àpò gàrí, bí ẹ kò bá ní ìwé lọ́wọ́. Ẹnubodè Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà ni ẹ ó là kọjá. Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún igbó: tíìkì tí wọ́n gbìn, tí SODEFOR, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, ní oko rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ yìí. Tíìkì ń bá òjò gbé dáadáa, ó sì ń bá oòrùn gbé, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí máa ń ní etí funfun púpọ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀nà kejì sì ni èérún: igi etí ọkọ̀ kékeré kò tó ohun tí èèyàn ń gé odindi ìtì fún. Àwọn tó ń fi ìrókò ṣe ìlẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ń kó ègé tẹ́ẹ́rẹ́ dànù lójoojúmọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ tó sanwó igi ní Koumassi, ní Treichville tàbí ní Adjamé, ẹ bi onígi ní orúkọ tó ń pè é, kí ẹ sì mú èérún rẹ̀ lọ bá àgbà káfíńtà kan tó mọ orúkọ tí ilé wa ń pè é. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ méjèèjì kò pọ̀ mọ́, àwọn ọmọ wọn sì ń ta ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Ẹ̀gbọ́n mi tú samba kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá káfíńtà ló bá a yan igi: ìrókò lóde, framiré nínú, acajou fún ìjókòó, apá fún imú ọkọ̀, inox fún gbogbo skúrù. Òjò ńlá méjì ti rọ̀ lé e lórí láti ìgbà náà. Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, mo mú ọ̀bẹ kékeré ọjọ́sí, mo tì í mọ́ etí ọkọ̀ náà ní ibi mẹ́rin. Kò wọlé.